Ìyá Onítáípù àti Àwọn Oní-Agbọ̀n

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì kò ní nǹkan ṣe mọ́. Ìyá kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onítáípù. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ ìwé ní ilé ẹjọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí débi pé bó bá jókòó lásán, ìka rẹ̀ á máa lu itan rẹ̀, á máa tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń sọ. Ọdún kejì tó fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ tuntun wá bá a nínú pálọ̀, iṣẹ́ tí kò sí ọ̀gá kankan tó pè é sí. Ìtìjú ló jẹ́ kó gbà á, ọmọ rẹ̀ ló sì fa ìtìjú ọ̀hún.

Ọmọkùnrin yìí, fìríìjì ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ géèmù kékeré kan wà tó ti fẹ́ràn láti kékeré, irú èyí téèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ti pa á tì tipẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ò pa á tì ní tiwọn. Wọ́n jókòó sílé wọn káàkiri ayé, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn kọ nǹkan tuntun sínú rẹ̀. Ọmọ Ìyá Onítáípù kọ irinṣẹ́ kan tó pè ní Agbọ̀n. Ẹni tó bá ti fi Agbọ̀n sínú ẹ̀rọ rẹ̀, gbogbo géèmù tó ní á kó jọ sójú kan, á yan èyí tó wù ú, á sì lè fi ibi tó gbá a dé pa mọ́ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń lò ó.

Ẹni tó ṣe irú oore báyìí, ṣé kò yẹ kí ẹnu rẹ̀ dùn? Rárá o! Máyọmílẹ́nu ni orúkọ tí àwọn oníbàárà sọ ọ́, nítorí ohun tó ń sọ fún gbogbo ayé láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ń wá awò ojú rẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tí ọmọ fi sílẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń lo Agbọ̀n ti máa ń kọ àbá àti ẹ̀dùn ọkàn wọn ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lẹ́tà Agbọ̀n lè tóbi díẹ̀ sí i? Ojú mi ò ríran dáadáa.” Èsì tí ọmọ rẹ̀ fún un wà nísàlẹ̀: “Lọ ra awò.”

“Yéè! Mo gbé!” Ìyá Onítáípù kígbe. Ó kà síwájú. Ẹlòmíì fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù. Èsì: “Kí ló ṣe èyí tó wà níbẹ̀?” Ẹlòmíì ní bí òun bá ti ṣí géèmù bíi mẹ́wàá, Agbọ̀n á dákú, ẹ̀rọ ò ní mira mọ́. Èsì: “Tèmi kì í dákú.”

Ó pariwo láti pálọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. “Bàbá mi, ṣé ilé yìí ni mo ti tọ́ ẹ, àbí inú igbó?”

“Màámi, ẹ má yọ mí lẹ́nu,” ọmọ dáhùn láti ẹ̀yìn fìríìjì. “Tó bá dùn yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa dá wọn lóhùn fúnra yín.”

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọmọ tó gbọ́n ni, àmọ́ kò tíì mọ ìyá rẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ kejì, bí ìyá bá ti mu tíì àárọ̀ tán, ó di ìdí kọ̀ǹpútà. Ó ra ìwé kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, ohun tí wọ́n fẹ́, ọjọ́ tí wọ́n béèrè. Gbogbo èsì rẹ̀ ló ní ìkíni lórí àti àdúrà nísàlẹ̀. Ẹni tí Agbọ̀n rẹ̀ dákú, ó bá a kẹ́dùn bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ wà ní ọsibítù. Oṣù mẹ́ta ò pé tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Agbọ̀n. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè, wọ́n kàn ń yà wá kí i ni. Ẹnì kan ránṣẹ́ pé ìyàwó òun ti bímọ, ìyá ti ń gbé àdúrà ìsọmọlórúkọ sórí kọ̀ǹpútà kí ọmọ rẹ̀ tó sáré wá dá a dúró. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹlẹ́ṣin ò lè kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù kan wà, mi ò ní fi bò. Ní ilé ẹjọ́ tó ti ṣiṣẹ́, wọn kì í la “rárá” mọ́ ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn rìn wá. “A ti gbọ́, a ó ṣe é” ni wọ́n máa ń wí, kí olúwarẹ̀ lè fọkàn balẹ̀ délé. Gbogbo ẹni tó ń wá síbẹ̀ ló mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, ẹ ṣì máa lọ ná, ká máa wò ó. Bí Ìyá Onítáípù ṣe ń dáhùn nìyẹn. Lẹ́tà ńlá? A ó ṣe é. Àwọ̀ búlúù? A ó ṣe é. Orin tí á máa dún bí Agbọ̀n bá ń ṣí? A ó ṣe é, lágbára Ọlọ́run. Àwọn oní-Agbọ̀n ò sì dé ilé ẹjọ́ ọ̀hún rí. Bó ṣe sọ ọ́ fún wọn ni wọ́n ṣe gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni káfíńtà kan tó ń lo Agbọ̀n kọ̀wé.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá Agbọ̀n,” ló wí. “Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì nìkan ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú mi, ọwọ́ ọ̀tún mi sì lọ fún ìsinmi láìgba àyè lọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ keje mi ní ọsibítù rè é. Sátidé yìí ni wọ́n ń jẹ́ kí n lọ sílé. Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi àti ẹ̀ la jọ máa ń gbá géèmù tí wọ́n fi ń wa mọ́tò sáré. Ó ti yarí pé òun ò ní bá ẹlòmíì gbá a àfi bàbá òun, ojoojúmọ́ ló sì ń ṣájì ẹ̀rọ méjèèjì dè mí. Màmá, mi ò tíì lè sọ fún un pé ọwọ́ kan ló kù. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tẹná mọ́tò àti èyí tí wọ́n fi ń tẹ bíréèkì, ọ̀tún ni gbogbo wọn wà. Ṣé Agbọ̀n lè bá mi kó wọn wá sí òsì?”

Ìyá ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Àwọn yòókù, ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn ni. Ti èyí yàtọ̀. Gbogbo ọkàn rẹ̀ ló wà nínú ohun tó tẹ̀: “Ọmọ mi, kí ẹ tó délé ní Sátidé, á ti ṣe tán. Ìlérí ni mo ṣe yẹn. Nọ́ńbà fóònù mi rè é.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni nìyí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni àṣírí tú. Ẹnì kan kọ̀wé sí ọmọ náà tààrà: “Ọ̀gá, Màmá ní orin ń bọ̀. Ìgbà wo ni?” Ọmọ ṣí ojú ìwé àbá tí kò yẹ̀ wò láti oṣù mẹ́ta, ó kà á, ó ya ẹnu, kò lè pa á dé.

“Màámi! Ẹni mẹ́tàlélógójì! Ẹ ti ṣèlérí fún ẹni mẹ́tàlélógójì!”

“Mi ò ṣèlérí. Mo dá wọn lóhùn bí ọmọlúàbí ni.”

“Ẹ ní ‘a ó ṣe é.’ Àwa mélòó? Ṣebí èmi nìkan ni! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n, ṣùgbọ́n tiyín ti fẹ́ fa tèmi ya. Ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́!”

Ó sọ ọ́, ó tún un sọ. Ìyá jẹ́ kó rojọ́ rẹ̀ tán, bí adájọ́ ṣe máa ń ṣe. “Ó dáa,” ló wá wí. “Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹni méjìlélógójì nínú wọn, mà á kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mà á bẹ̀ wọ́n pé ẹnu mi ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ti ẹnì kan yìí, mo dá ọjọ́ fún un.” Ó yí kọ̀ǹpútà sí i.

Máyọmílẹ́nu kà á. Ó fi ọwọ́ họ orí.

“Sátidé wo?”

“Sátidé yìí.”

“Màámi, kò ṣeé ṣe.”

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló sọ ọ́. Ohun tó ba ìyá lẹ́rù nìyẹn, torí ó ti mọ́ ọn lára kí ọmọ rẹ̀ máa jágbe. Ọmọ fà á jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti kọ Agbọ̀n, ìkánjú ló sì fi kọ ọ́. Ibikíbi tó bá ti kan bọ́tìnì, nọ́ńbà lásán ló kọ síbẹ̀, kò fún bọ́tìnì kankan lórúkọ. Nọ́ńbà kan náà ló tún lò níbòmíì fún àwọ̀, tàbí fún iye géèmù. Kọ̀ǹpútà ò lè mọ èyí tó jẹ́ bọ́tìnì yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe bọ́tìnì. Bí wọ́n bá ní kó pààrọ̀ gbogbo wọn, ohun gbogbo ló máa dàrú.

“Àfi kéèyàn fi ojú kà á láti òkè dé ilẹ̀,” ló wí. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ìlà. Èmi náà ò sì lè kà á, torí èmi ni mo kọ ọ́. Tí mo bá ti kà á dé ojú ìwé kẹwàá, ohun tó wà lọ́kàn mi ni màá máa rí, mi ò ní rí ohun tó wà nílẹ̀.”

“Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà,” ìyá rẹ̀ wí.

“Ẹ ò gbọ́ kóòdù, Màámi.”

“Mi ò gbọ́ òfin náà, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀ ẹ́.”

Ojú ìwé ọgọ́sàn-án ló jáde. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́rú, tábìlì oúnjẹ ti di tábìlì ilé ẹjọ́. Ìdajì wákàtí ni ọmọ fi kọ́ ọ bí ìlà tó ní bọ́tìnì ṣe máa ń rí àti ohun tó máa ń wà ṣíwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ìyá fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó mú báírò pupa. Ọmọ lọ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ bébà mọ́ ọn: “Ẹ má yọ mí lẹ́nu títí di Sátidé.” Kò sí oníbàárà tó bínú, wọ́n kúkú ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo iṣẹ́! Ìyá á pariwo, “Ojú ìwé kẹrìnlélógún, ìlà kejìlá!” Ọmọ á dáhùn, “Mo ti rí i!” Títẹ̀ á dún. “Ìlà kọkàndínlógún!” “Mo ti rí i!” Ohun tó ń ṣe ni pé bí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ bá fi ìka òsì mọ́lẹ̀ lórí bọ́tìnì tó wà léjìká ẹ̀rọ, bọ́tìnì ìdarí tó wà lápá òsì náà á gba iṣẹ́ ti ọ̀tún ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ sinmi, ọmọ á nàró, ìyá ní tirẹ̀ á fà sí kọ̀ǹpútà, á máa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹni méjìlélógójì, kò fo ẹnikẹ́ni. “Mo ní a ó ṣe é. Ọmọ mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí, èmi ni mo sọ ju ohun tí agbára rẹ̀ gbé lọ. Ẹ foríjì mí.” Èsì tó kọ́kọ́ wọlé wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè orin: “Màmá, a ti mọ̀ tipẹ́. Ó kàn ń dùn mọ́ wa bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni.” Ìyá rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní ojú ìwé kọkànléláàádóje, rúlà ìyá ò lọ mọ́.

“Bàbá mi, o tẹ ìlà yìí lẹ́ẹ̀mejì.”

“Màámi, kóòdù máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Kì í ṣe irú ìyẹn. Mo ti ń rí irú ìyẹn láti àná. Èyí, wọ́n pè ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni. O dìde lọ dá ẹnì kan lóhùn, nígbà tó o padà dé, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó o ti tẹ̀ tán. Mo mọ̀ ọ́n, ó ti ṣe èmi náà rí, nínú ìdájọ́ bàbá kan. Díẹ̀ ló kù kó ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo.”

Ọmọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí bébà náà. Ó mú un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí Agbọ̀n ti ń ṣí yàrá tí géèmù wà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí i, ẹ̀ẹ̀kan ló tì í. Gbogbo géèmù téèyàn bá ti gbá ló ń fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ gbayawu, bí ilẹ̀kùn bá sì ti pé mẹ́wàá, ẹ̀rọ á dákú.

“Ọdún méjì!” ló ké. “Ọdún méjì ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi!”

“Ìwọ ní tìẹ kì í dákú.”

“Ṣebí géèmù kan ṣoṣo lèmi máa ń gbá!”

Ló bá fò dìde, ó gbé ìyá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú àga, ìyá ń pariwo pé kó sọ òun kalẹ̀, àwọn bébà ń fò káàkiri pálọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọmọ tó mọ inú ẹ̀rọ tó báyìí, àkísà ìyá rẹ̀ ló kó o yọ. Kò jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó lọ po tíì fún un, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Nígbà tó di ọ̀sán Ẹtì, ojú ìwé ọgọ́sàn-án ti tán. Ó ku kí wọ́n dán an wò. Ìyá bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ní kí ọmọ fi so ọwọ́ ọ̀tún òun mọ́ ara. Kò gbá géèmù rí láyé rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ lé itan, ó fi ọwọ́ òsì mú un, mọ́tò rẹ̀ gbéra, ó sì lọ forí sọ ògiri. Ó tún gbéra, ó kọlu igi. “Ẹ yà á, Màámi, ẹ yà á!” “Mo ń yà á! Má yọ mí lẹ́nu!” Nígbà kẹta ló dé òpin, òun ló gbẹ́yìn, síbẹ̀ ó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó gba ife. Ó ṣiṣẹ́! Wọ́n fi ránṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá kọ̀wé sí káfíńtà pé Agbọ̀n tuntun ti wà nílẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún un ní ìlà mẹ́fà bó ṣe máa lò ó.

Káfíńtà ò fèsì.

Sátidé mọ́, kò fèsì. Ìyá gbé fóònù sórí tábìlì, ó jókòó tì í. Ọmọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìdí fìríìjì kan náà ló wà láti àárọ̀, ó ń tú sùkúrù kan, ó tún ń dè é padà. Agogo méjìlá lù. “Bóyá kò rí i,” ìyá wí. Agogo méjì. “Bóyá ó rí i, tí kò ṣiṣẹ́ fún un.” Ohun kẹta tó wà lọ́kàn rẹ̀, nípa ara káfíńtà fúnra rẹ̀, kò sọ ọ́ jáde. Ó ń ro ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó gbé ẹ̀rọ méjì kalẹ̀, ó ń ro bàbá tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ.

Ó kọjá agogo mẹ́ta díẹ̀ kí fóònù tó dún. Ìyá já a gbà lórí tábìlì. Ọmọ ti ré ẹnu ọ̀nà kọjá, ó mú sùkúdíráfà lọ́wọ́.

Ariwo mọ́tò ni ìyá kọ́kọ́ gbọ́, vuu, vuu, ti inú géèmù. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọkùnrin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀ lẹ́nu. “Màmá! Màmá Agbọ̀n! Káfíńtà ni. Mo ní kí n pè yín, mo fẹ́ sọ fún yín pé, ẹ wò ó, Màmá, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́...”

Ohùn ọmọbìnrin kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ó ń pariwo tagbára tagbára: “Ìrẹ́jẹ ni, bàbá mi! Ìrẹ́jẹ ni! Ọwọ́ kan lẹ fi nà mí! Ó yá, a tún un ṣe! Ẹ gbé fóònù sílẹ̀!”

“Màmá,” káfíńtà wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á, “ẹ má bínú. Ọwọ́ tí mo fi di fóònù mú yìí náà ló ń wa mọ́tò.”

Fóònù kú.

Ọmọ ń wo ojú ìyá rẹ̀. “Kí ló wí? Ṣé ó ṣiṣẹ́? Kí ló wí, Màámi?”

Ìyá Onítáípù fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ ẹnu. Ó na ọwọ́, ó di ọmọ rẹ̀ mú.

“Kò ráyè wa,” ló wí. “Kò ráyè wa rárá.”